Jíìpù Àtijọ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Sítáàtì: Ẹ Wá Àrùn Sítátà Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń wa jíìpù àtijọ́ ní Iléṣà àti àwọn ìlú tó yí i ká máa ń bi mí: "Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ṣé kí n lọ ra kíkì-sítátà mìíràn ni?"

Ẹ má tíì rà á. Ọ̀pọ̀ sítátà tí wọ́n ń sọ pé ó ti kú kò kú. Wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó so négétíìfù bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì) ló ti dípẹtà, tàbí tẹ́mínà bátìrì ló ti hu nǹkan funfun, tàbí kọ́pà kéékèèké méjì inú sólénọ́ìdì (apá sítátà tó ń ti eyín rẹ̀ jáde, tó sì ń gbé iná bátìrì wọ mọ́tò rẹ̀) ló ti jẹ tán. Ó máa ń dùn mí tí àgbẹ̀ bá kó owó kòkó rẹ̀ lé tòkunbọ̀ tó gbó ju èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ, tí ọkọ̀ náà sì tún kọ̀ lójú ọ̀nà Ìfẹ́wàrà kí oṣù tó parí, nítorí pé ibi tó ń ṣe ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n wò.

Hilux, Land Cruiser, 4Runner, Pajero, Land Rover àti irú wọn tó ti pẹ́, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ sítáàtì, ni mo ń bá wí níbí. Tó bá jẹ́ èyí tí a ń tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ bá rewáyà tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Mítà tó ń ka fóòtì. Tí kò bá sí, gílóòbù ọkọ̀ kan tí ẹ so wáyà méjì mọ́ á ṣe é dé ìwọ̀n kan
- Sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì 8, 10, 12, 14 àti 17 (Land Rover ayé àtijọ́ ń lo ti íńṣì)
- Jọ́mpà wáyà tó nípọn dáadáa
- Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà tó kúnná, bíi 400
- Jáàkì, àti sítáǹdì tàbí ìtì igi tó lè gbé ọkọ̀ ró
- Gríìsì díẹ̀, aṣọ gbígbẹ, àti abọ́ tí ẹ ó kó nọ́ọ̀tì sí
- Ẹnì kan tó máa bá yín yí kọ́kọ́rọ́

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

1. Ẹ fi jíà sí fírì (P tó bá jẹ́ ọ́tò), ẹ fa hánbíréèkì, ẹ fi òkúta há táyà níwájú àti lẹ́yìn.
2. Ẹ bọ́ òrùka àti aago onírin kúrò lọ́wọ́.
3. Tí òórùn pẹtiróò bá ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wá ibi tó ti ń jò ná. Iná máa ń ta pàrà níbi ìdánwò tí a fẹ́ ṣe yìí.
4. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú sítátà, négétíìfù bátìrì ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ, òun náà ni ẹ ó dá padà gbẹ̀yìn. Wáyà ńlá tó lọ sí sítátà ti ara bátìrì wá tààrà, kò sí fíúùsì lórí rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Tí sípánà bá kan òun àti bọ́dì pọ̀, sípánà á pọ́n, á sì jó yín lọ́wọ́.
5. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró. Kò sí àwíjàre kankan fún ìyẹn.

Ọ̀kan tún wà fún àwa tí ń gba oko kọjá lásìkò òjò. Tí ọkọ̀ bá kú sínú odò tàbí lẹ́yìn tó jáde nínú omi, tí sítátà wá dún kọ́ tí ẹ́ńjìnnì ò yí, ẹ má fi agbára mú un. Omi lè ti wọ orí pístìn, bẹ́ẹ̀ omi kì í sún kì. Bí ẹ bá ń fi dandan yí i, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì kúrò (tó bá jẹ́ ti dísù, híítà pọ́lọ́ọ̀gì tàbí nọ́sù), ẹ yí ẹ́ńjìnnì kí omi tú jáde, kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ sítátà.

## Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń dún

Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin dúró ti ẹ́ńjìnnì, ẹ sì ní kó tan iná iwájú ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó yí i. Bí ó ṣe dún àti bí iná náà ṣe ṣe ni ẹ ó fi mọ ibi tí ẹ ó lọ.

- Kò dún rárá, iná ò yí padà: ìránṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ kò dé ọ̀dọ̀ sítátà. Ẹ wo kọ́kọ́rọ́, rílè (súwíìṣì kékeré tí iná ń tàn), fíúùsì, wáyà tín-ín-rín ara sítátà, tàbí súwíìṣì jíà nínú ọkọ̀ ọ́tò.
- Ká-ká-ká-ká léraléra, iná ń ṣẹ́jú: bátìrì ti rọ, tàbí tẹ́mínà ò mú dáadáa.
- Kọ́! lẹ́ẹ̀kan, iná ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀: kọ́pà inú sólénọ́ìdì tàbí kábọ̀n (ohun dúdú tó ń gbé iná wọ ara ohun tó ń yí nínú mọ́tò sítátà). Èyí ló pọ̀ jù lára Toyota tó ti pẹ́.
- Kọ́! lẹ́ẹ̀kan, iná rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá: bátìrì ò lágbára, tàbí nǹkan há, bóyá nínú sítátà, bóyá nínú ẹ́ńjìnnì.
- Ó ń yí, ṣùgbọ́n ó ń fà: bátìrì, ẹ́ẹ̀tì, tàbí bọ́ṣìn sítátà (òrùka irin tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí nínú rẹ̀) tó ti jẹ.
- Wíìì, ẹ́ńjìnnì ò yí: bẹ́ńdíkìsì (eyín sítátà tó ń jáde lọ yí ẹ́ńjìnnì) ló ń yọ̀.
- Gàràgàrà bí irin tó ń jẹ irin: eyín bẹ́ńdíkìsì tàbí ti fíláíwíìlì (irin róbótó eléyín tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì). Ẹ dáwọ́ dúró. Eyín fíláíwíìlì tó bá jẹ tán, jíàbọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀.
- Ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó ṣì ń yí: kọ́pà ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ yọ orí bátìrì kíákíá, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì kíkankíkan tí ẹ́ńjìnnì ò sì gbà, sítátà ò ṣẹ̀. Epo, pọ́lọ́ọ̀gì tàbí híítà pọ́lọ́ọ̀gì ni kí ẹ lọ wò.

## Ẹ tọ iná lẹ́sẹẹsẹ

Ẹ má fo ìkankan. Bí mo ṣe tò ó yìí, láti orí èyí tó rọrùn sí èyí tó le ni.

1. Bátìrì tó ti sinmi. Ẹ tan iná iwájú fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á, ẹ wá fi mítà wọ̀n ọ́n. Fóòtì 12.6 ló kún. 12.2 ti dé ìdajì. Tí kò bá tó 12, ẹ lọ cháàjì rẹ̀ ná. Gbogbo ìdánwò tó kù á kàn máa parọ́ fún yín ni.

2. Bátìrì lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹni yín yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà wà lórí òpó bátìrì. Kò yẹ kó jábọ́ sísàlẹ̀ fóòtì 9.6. Tó bá jábọ́, ẹ yá bátìrì mìíràn tó dáa fi dán an wò. Bí bátìrì tó dáa náà bá tún jábọ́, á jẹ́ pé sítátà ló ń fa iná ju bó ti yẹ lọ.

3. Tẹ́mínà. Ẹ fọwọ́ yí i lórí òpó. Tó bá yí, kò mú. Ẹ tú u, ẹ da omi gbígbóná sí nǹkan funfun náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha inú tẹ́mínà àti ara òpó títí ẹ ó fi rí òjé tó ń dán. Ẹ dè é kó le, ẹ wá fi gríìsì bo òde rẹ̀. Àwọn kan máa ń ki ìṣó tàbí bébà ṣìgá sí àárín tẹ́mínà kó lè há. Ẹ pààrọ̀ tẹ́mínà náà, kò wọ́n.

4. Ẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí òpó négétíìfù, ẹ fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá ju 0.3 lọ, ẹ́ẹ̀tì ò dáa. Ẹni tí kò ní mítà lè fi jọ́mpà wáyà kan so négétíìfù bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tààrà. Tí ọkọ̀ bá sítáàtì, ẹ ti rí i: ẹ tú wáyà ẹ́ẹ̀tì, ẹ ha ojú irin tó jókòó lé dé ibi tó funfun, ẹ dè é padà. Ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà oko máa ń gbẹ mọ́ ibẹ̀, ìpẹtà á wá máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ lókè kò sí ohun tí ojú rí.

5. Wáyà pọ́sítíìfù ńlá. Ẹnu mítà kan lórí òpó pọ́sítíìfù, èkejì lórí bọ́òtì ńlá ara sítátà, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá ju 0.5 lọ, wáyà yẹn ti jẹra nínú, tàbí orí rẹ̀ ò mú.

6. Wáyà tín-ín-rín. Òun ló ń gbé ìránṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹ wọ̀n ọ́n sí irin ẹ́ńjìnnì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ibi sítáàtì. Tí kò bá tó fóòtì 8, sólénọ́ìdì lè má lágbára láti fà. Tí kò bá sí nǹkan kan rárá, ẹ̀bi wà lókè, kò sí lára sítátà.

7. Ìdánwò sikirudiráfà. Ọkọ̀ wà ní fírì, hánbíréèkì ti dè, kò sí epo tó ń jò. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí iná, kí ẹ fi sikirudiráfà onímùkù rọ́bà so bọ́òtì ńlá tó gba wáyà bátìrì pọ̀ mọ́ ojú ibi tí wáyà tín-ín-rín ti wọlé, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Á ta pàrà díẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá yí dáadáa, sítátà yín yè. Kọ́kọ́rọ́, rílè tàbí súwíìṣì jíà ló ṣẹ̀. Tó bá dún kọ́ nìkan, tí nọ́ńbà 1 sí 6 sì dáa, ẹ lè tú sítátà báyìí.

Ọkọ̀ ọ́tò tí kò dún rárá: kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbé jíà láti P sí N kí ẹ tún yí i. Tó bá gbà ní N, súwíìṣì jíà nìkan ni iṣẹ́ yín. Tó bá sì jẹ́ pé ìránṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ń dé ṣùgbọ́n kò lágbára, rewáyà lè fi rílè kan sí àárín tó máa gba iná tuntun láti ara bátìrì. Iṣẹ́ kékeré ni, ó sì máa ń pẹ́.

### Ti òòlù ńkọ́?

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n: kan sítátà, kí ọkọ̀ sítáàtì. Lóòótọ́ ló máa ń ṣiṣẹ́, torí pé kábọ̀n tó há tàbí kọ́pà tó jẹ á ṣí díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àwọn sítátà kan, mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé rẹ̀, tí a bá sì lù ú le, á fọ́ sínú. Ẹ fi èèkù igi kàn án jẹ́jẹ́, kó gbé yín délé. Tó bá gbà lẹ́yìn tí ẹ kàn án, ó ti sọ fún yín pé inú òun ni àìsàn wà. Ẹ tú u lọ́jọ́ náà.

## Títú u sílẹ̀

1. Négétíìfù bátìrì kúrò. Ẹ fi aṣọ wé e kó má baà sún padà.
2. Ẹ fi fóònù ya àwòrán wáyà ara sítátà.
3. Ẹ tú nọ́ọ̀tì wáyà ńlá, ẹ fa wáyà tín-ín-rín yọ. Ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ má fa wáyà fúnra rẹ̀.
4. Ẹ tú bọ́òtì tó dè é mọ́ jíàbọ́ọ̀sì. Méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó wà lókè ló máa ń le. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn gígùn ni ẹ ó fi dé e.
5. Ẹ fi ọwọ́ kejì gbé e ró kí bọ́òtì ìkẹyìn tó jáde. Ti Land Cruiser dísù wúwo gan-an; tó bá já lé èèyàn lójú lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀ràn ni.

Ní kété tó bá ti jáde, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀ kí ẹ wo eyín fíláíwíìlì. Kí ẹnì kan máa fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì níwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rí gbogbo rẹ̀ yíká. Àǹfààní yẹn kì í tún wá bí ẹ bá ti dè é padà.

## Kọ́pà inú sólénọ́ìdì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú àwọn Toyota tó ń dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tú bọ́òtì kéékèèké mẹ́ta tó de ìdérí sólénọ́ìdì lẹ́yìn. Ẹ fa ìdérí náà jẹ́jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ má ya. Ẹ ó rí ọ̀pá kan tí àwo kọ́pà pẹlẹbẹ wà lórí rẹ̀, àti kọ́pà méjì tó tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, àwo yẹn á sún lọ kan kọ́pà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná bátìrì á sì gba orí rẹ̀ kọjá sínú mọ́tò. Lójoojúmọ́ ni iná ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí wáyà bátìrì wà: kọ́pà ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ jù. Ẹ ó rí i tó ti gé kòtò, tó dúdú, tí etí rẹ̀ mú bí abẹ, nígbà tí ìkejì rẹ̀ ṣì nípọn. Àwo ò lè kan èyí tó ti lọ sílẹ̀ mọ́. Ìdí tó fi ń dún kọ́ tí iná ò kọjá nìyẹn.

1. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìta, ẹ yọ kọ́pà méjèèjì. Ẹ to gbogbo wáṣà àti ìdènà iná rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde. Tí ìdènà kan bá kù, bọ́òtì á kan ara irin, iná bátìrì á sì rọ́ lọ sílẹ̀ tààrà nígbà tí ẹ bá so ó.
2. Kọ́pà tuntun wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà iná ọkọ̀. Tí ẹ kò bá rí i ní Iléṣà tàbí Ifẹ̀, ẹ wò ó ní Gate n'Ìbàdàn. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, torí títóbi wọn yàtọ̀ síra.
3. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀, kódà bí ọ̀kan bá ṣì dáa.
4. Ẹ fi sáńpépà nu ojú àwo orí ọ̀pá. Tó bá ti jẹ kòtò, ẹ pààrọ̀ ọ̀pá náà.
5. Kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì pa, ẹ ti ọ̀pá náà wọlé, kí ẹ wò ó bóyá àwo kan kọ́pà méjèèjì lọ́gbọọgba. Tí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ tún un tò. Àṣìṣe yìí ló ń mú kí àtúnṣe tuntun jó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.
6. Ẹ dá sípíríǹgì àti rọ́bà padà, ẹ pa ìdérí dé.

Tí kò bá sí èyí tó bára mu lọ́jà, rewáyà tó mọṣẹ́ lè gé e láti ara kọ́pà nípọn. Mo fara mọ́ ọn, bí gíga wọn bá dọ́gba. Kí ó má gé e láti ara irin tàbí kí ó fi òjé kún kòtò náà: òjé á yọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

## Kábọ̀n, bọ́ṣìn àti bẹ́ńdíkìsì

Tí kọ́pà bá dáa, ẹ ṣí ẹ̀yìn mọ́tò.

- Kábọ̀n: ó gbọ́dọ̀ máa yọ́ wọlé-jáde nínú ilé rẹ̀. Tó bá ti kúrú dé bí ìdajì ti tuntun, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
- Ojú ámáṣọ̀ (apá mọ́tò tó ń yí, tí wọ́n fi wáyà wé) tí kábọ̀n ń gùn: ẹ fi sáńpépà kúnná nu dúdú rẹ̀ kúrò, ẹ fi ṣóńṣó abẹ ha eruku kúrò láàárín àwọn ìlà rẹ̀.
- Bọ́ṣìn: ẹ mi ọ̀pá ámáṣọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì, bọ́ṣìn ti jẹ, ámáṣọ̀ á sì máa ha ara ilé rẹ̀. Irú sítátà bẹ́ẹ̀ á máa yí dáadáa láàárọ̀, á kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná.
- Bẹ́ńdíkìsì: ó gbọ́dọ̀ yí lọ sí apá kan, kó sì há pátápátá sí apá kejì. Tó bá ń yí sí apá méjèèjì, kò wúlò mọ́.

Tí ẹ bá ya ara sítátà Toyota oníjíà sí méjì, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan á já bọ́ láti inú ihò ọ̀pá bẹ́ńdíkìsì. Ẹ ṣiṣẹ́ lórí aṣọ funfun. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá sọnù, sítátà ò ní ti eyín jáde.

Ẹ má ṣe rẹ bẹ́ńdíkìsì tàbí ámáṣọ̀ sínú pẹtiróò bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń ṣe. Pẹtiróò á fọ gríìsì inú bẹ́ńdíkìsì jáde, á sì máa jẹ ohun tí wọ́n fi bo wáyà ámáṣọ̀. Aṣọ gbígbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó.

## Dídán an wò kí ó tó padà sábẹ́ ọkọ̀

Ẹ dè é mọ́ fáìsì (irin orí tábìlì tó ń di nǹkan mú), torí agbára tó fi ń fò ga ju èyí tí ẹsẹ̀ èèyàn lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

1. Négétíìfù bátìrì sí ara irin sítátà.
2. Pọ́sítíìfù sí bọ́òtì ńlá tó ń gba wáyà bátìrì.
3. Wáyà kékeré láti pọ́sítíìfù sí ibi wáyà tín-ín-rín, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Eyín gbọ́dọ̀ ta jáde, kó sì máa yí geerege. Nígbà tí ẹ bá yọ wáyà, ó gbọ́dọ̀ padà sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá dáa, ẹ ha ojú ibi tí sítátà ti ń kan jíàbọ́ọ̀sì kó mọ́, torí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ tó dè é padà.

## Tó bá di pé ẹ fẹ́ ra òmíràn

- Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ti àtijọ́: 12V tàbí 24V, àti kW. Àwọn Land Cruiser dísù kan ń lo sítátà 24V.
- Ẹ ka iye eyín rẹ̀, ẹ wọn ihò bọ́òtì.
- Tòkunbọ̀: ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì lójú yín, kí ẹ sì mi ọ̀pá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.
- Ẹ má fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé rẹ̀ àti ámáṣọ̀ rẹ̀ lè wúlò fún yín lọ́la.

## Tó bá kọ̀ sínú oko

Títì: ọkọ̀ máńúwà nìkan. Kọ́kọ́rọ́ sí iná, jíà kejì, ẹ tẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tì í tàbí kí ẹ jẹ́ kó yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ wá tú kọ́lọ́ọ̀ṣì lójijì. Sítíárìn àti bíréèkì máa ń le nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbà, nítorí náà ẹ má ṣe é ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga jù. Ẹni tó bá ń fura sí sítátà rẹ̀ yẹ kó máa páàkì sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ò sì ní kí èèyàn wá a jìnnà.

Ọ̀pá ìyí: àwọn Land Rover ayé àtijọ́ ní ihò rẹ̀ níwájú. Ẹ kó àtàǹpàkò pọ̀ mọ́ ìka yòókù lápá kan náà, ẹ má fi gbá ọ̀pá mú yíká. Tí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, àtàǹpàkò tó wà lódìkejì ló máa ń ṣẹ́.

Yíyí i léraléra: ẹ má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú kan kó tutù kí ẹ tó tún gbìyànjú. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn bí ìgbà tí wáyà ń jó, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ wá ọkọ̀ tó máa fà yín délé.